Àgbá Tí Yasokichi Kàn Kẹ́yìn

Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí Sawae Oketani ti tọ́ ọtí inú àgbá kẹfà wò ni kò ti rí ibi fìdí lé mọ́. Ó tu ọtí náà sínú korobá, ó fi omi fọ ẹnu, ó jáde sí àgbàlá, ó padà wọlé, ó tún bu díẹ̀. Ọtí náà mọ́ kedere nínú ife funfun tí wọ́n fi ń tọ́ ọ wò, òrùka búlúù méjì tí wọ́n yà sí ìdí ife náà ń hàn ketekete lábẹ́ rẹ̀. Ojú kò rí àléébù kankan. Ó gbé e sí imú, òórùn kedari jáde wẹ́rẹ́, ó tutù bí inú igbó lẹ́yìn òjò. Ó mú un sẹ́nu, ó yí i káàkiri, ó fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ lé e, adùn ìrẹsì kọ́kọ́ dé, òórùn igi sì tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn ọ̀fun. Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Àmọ́ nǹkan kan ṣì gbá ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rẹ̀ mú, ó korò, ó le, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣèèṣì fọ́ kóró ọsàn sẹ́nu. Ó ní kó kọjá lọ, kò lọ.

Sawae gbé ife sílẹ̀, ó sì wo àgbá náà. Bàbá rẹ̀ ló kàn án.

Ní ilé ọtí Kumode, tó wà ní Nada létí òkun, lábẹ́ òkè Rokko, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ Sawae. Ọ̀rọ̀ náà ni "Ó yá." Wọn a rọ sake, ọtí ìrẹsì tí wọ́n ti pọn, sínú àgbá kedari, kó lè mu òórùn igi. Bí wọ́n bá tètè fà á, omi lásán ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó yẹ kó jẹ́. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ pẹ́ jù, ẹni tó mu ún á rò pé pákó lòun ń lá. Kò sí ẹni tó lè ka ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá móoru, ọtí á sáré mu igi. Bí òtútù bá mú, á pẹ́ kó tó mu ún. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ máa tọ́ ọ wò lójoojúmọ́, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tí ahọ́n bá ti jí tí ikùn kò sì tíì kún. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Sawae ti ń ṣe é. Kì í jẹ àlùbọ́sà, kì í fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀, bí ẹni tó fín lọ́fínńdà bá sì jókòó tì í nínú ọkọ̀ ojú irin, á dìde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin méjì ti wá fẹ́ ẹ rí. Ọ̀kan ń mu sìgá, èkejì ń sin adìẹ. Ó di ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta láìlọ́kọ, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló jọ ń gbé.

Bí ó ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀yìn bàbá yìí. Akàngbá ni bàbá náà, Yasokichi. Ìyá Sawae kú nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, orí èérún igi ní ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ló sì ń sùn sí bó bá ti ilé ìwé dé. Ó bẹ bàbá rẹ̀ títí pé kó kọ́ òun níṣẹ́. Yasokichi kọ̀ jálẹ̀; ó ní ọrùn ọwọ́ obìnrin kò gba òòlù. Láyé ìgbà náà, wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ kí obìnrin wọ yàrá tí wọ́n ti ń pọn ọtí. Nígbà tó pé ogún ọdún, ó lọ ń fọ ìgò ní ilé Kumode. Ọjọ́ kan ni Bàbá Inokuma, tó ń tọ́ ọtí wò nígbà náà, gbọ́ tó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé igi àgbá kan báyìí wá láti ẹ̀gbẹ́ òkè tí oòrùn kì í pẹ́ sí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, sà. Bó ṣe ń rùn nìyẹn."

Inokuma ránṣẹ́ sí àwọn tó gé igi náà ní Yoshino. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kó fọ ìgò mọ́.

Yasokichi pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ti ìsọ̀, tí akàngbá mìíràn, Kishida, ti ń kan àgbá fún ilé ọtí. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, ó ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Kumode pé òun fẹ́ kan ọ̀kan sí i, àgbá tí wọ́n máa ṣí ní ojúbọ àdúgbò ní àárọ̀ ọdún tuntun, níbi tí àwọn àgbààgbà ti máa ń fi òòlù igi lu ọmọrí rẹ̀ ya, tí gbogbo ará àdúgbò á sì mu níbẹ̀. Iṣẹ́ tó máa ń parí láàárín ọjọ́ kan nígbà tó lágbára, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a di nǹkan kan mú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ọtí, gbogbo òṣìṣẹ́ tò sí àgbàlá, wọ́n pàtẹ́wọ́. Yasokichi dúró, ó ń wo ilẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n.

Àgbá yìí ló ń korò.

Sawae kò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta kí agogo mọ́kànlá tó lù, ó sì gba ọ́fíìsì Ọ̀gá Kumode lọ. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni Kumode. Bàbá rẹ̀ ló fi ilé ọtí náà sílẹ̀ fún un.

"Ọ̀gá, àgbá kẹfà ò dáa."

"Ẹ̀kẹfà? Ti Bàbá?"

"Òun ni. Oje wà lára ọ̀kan nínú àwọn pákó ẹ̀. Ó ti ń bọ́ sínú ọtí."

Kumode tẹ̀ lé e. Ó tọ́ ọtí náà wò, ó dijú, ó tún tọ́ ọ wò. "Àǹtí Sawae, èmi ò rí nǹkan kan ńbẹ̀."

"Ẹ mú un dúró lẹ́nu. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n."

"Ehn-ehn. Ó fà díẹ̀. Díẹ̀ báyìí." Ó gbé ife sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀? Òtútù á ti gan gbogbo wọn lójúbọ yẹn, ife kọ̀ọ̀kan péré ni wọ́n máa mu. Wọ́n á ní àgbá Bàbá Oketani nìyí, ó parí."

"Èmi á mọ̀."

"Ẹ̀yin nìkan nìyẹn."

"Bàbá náà á mọ̀. Àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bu fún."

Kumode fọwọ́ pa orí. "Ẹ yáa sọ fún wọn nígbà náà."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́."

"Èmi kẹ̀! Ẹni tó kan àgbá fún bàbá bàbá mi? Ojú wo ni màá fi wò wọ́n? Ẹ̀yin lọmọ wọn o."

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Sawae gbé oúnjẹ síwájú bàbá rẹ̀, tófù àti rádìṣì funfun tó fi ẹja sè, bàbá náà béèrè ohun tó ń béèrè láti ọjọ́ tí àgbá ti kúrò nílé.

"Ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ yín ńkọ́? Ó ti ń fọhùn?"

"Kò tíì yá, Bàbá."

"Má jẹ́ kí wọ́n kán ọ lójú o. Òtútù ti mú. Fún un láyè."

Sawae dìde lọ wo omi tíì. Ó jókòó, ó tún dìde lọ wo bóyá òun ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó jókòó, ó rántí ìkòkò kan, ó lọ fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé ó ti fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Yasokichi gbé igi ìjẹun sílẹ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé èèrà ló ta ọ́ ni? Jókòó kí n rí ọ̀fun gbé oúnjẹ mì!"

Ó jókòó. Kò pẹ́ tó tún dìde lọ wo fèrèsé.

Lọ́jọ́rú ó gbìyànjú láti tan ara rẹ̀ jẹ. Ó ní bóyá ahọ́n òun ló ti bàjẹ́, bóyá ọjọ́ orí ti ń mú òun náà. Ó pe Mikiyo, tó ń ṣe olórí àwọn tó ń rọ ọtí sígò. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì dé ilé Kumode ní ọgbọ̀n ọdún ó lé méjì sẹ́yìn. Ó ní kó bu ọtí àgbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ife mẹ́fà, kó tò wọ́n bó ṣe wù ú, kí òun kọ ẹ̀yìn sí i. Mikiyo tò wọ́n. Sawae tọ́ wọn wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì mú ife kẹta. Àgbá kẹfà ni. Wọ́n tún un ṣe, ó mú ìkíní. Àgbá kẹfà ni. Nígbà kẹta, Mikiyo gbọ́n ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, ó bu àgbá kẹfà sínú ife méjì. Sawae fà méjèèjì yọ, ó sì wò ó láwòmọ́jú.

"Yéè!" ni Mikiyo pariwo. "Eléyìí kì í ṣe ahọ́n mọ́, ẹlẹ́rìí ni! Kí ló ṣẹlẹ̀, Ìyàwó Àgbá? Láti àárọ̀ lo ti ń rìn yí ọgbà yìí po, ká ní ojú ọ̀nà lo kọrí sí ni, ò bá ti dé Osaka."

Sawae sọ fún un. Mikiyo gbé ife kan sókè, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé kinní kan wà nínú ẹ̀ tó le? Ẹ fa ọtí burúkú yẹn jáde. Tó bá di àárọ̀ ọdún tuntun, ẹ rọ ọtí àgbá kejì sí i. Wákàtí kan péré, kí ni oje fẹ́ ṣe fún un? Bàbá á gbé àgbá ẹ̀ lọ, ọtí á dùn, kálukú á lọ sílé ẹ̀."

Sawae wò ó lójú. Ó lọ sọ fún Kumode, Kumode sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù kúrò lórí rẹ̀. "Ẹ wáá wò ó," ló ní. "Ọ̀rọ̀ ti parí."

Ọ̀rọ̀ kò parí. Ọjọ́bọ̀ tó yẹ kí ara rẹ̀ balẹ̀ ló wá le jù. Ó dé ibi iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣí géètì. Ó tọ́ àgbá kejì wò, kò mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fa àgbá kẹrin, ó tún sáré padà ní kí wọ́n dúró. Àwọn ọkùnrin tó mú pọ́ǹpù lọ́wọ́ ń wo ara wọn. Kò tíì ṣe irú ẹ̀ rí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó bu ọtí àgbá kẹfà sínú ìgò kékeré kan, ó fi sí àpò. Bí èèyàn bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, kò ní lè sọ.

Ó bá bàbá rẹ̀ lórí ẹní, ó na aṣọ ìlékè aláwọ̀ aró tí ilé ọtí fún un nígbà tó pé àádọ́ta ọdún lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ́ ìṣẹ́po rẹ̀.

"Èyí ni màá wọ̀," ni bàbá náà wí. "Àbí ó ti tóbi jù? Mo ti gbẹ."

"Ó máa bá yín mu, Bàbá."

"Ó ní nǹkan tí mò ń rò. Gbogbo àgbá tí mo ti kàn láyé mi, mi ò mu nínú ìkankan rí tí mo mọ̀ pé òun nìyí. Wọ́n á gbé e lọ, ó dìgbóṣe. Ẹlòmíì ló máa mu ún. Eléyìí nìkan ni màá mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Àgbàlagbà ń ṣe bí ọmọdé, àbí?"

Sawae dìde. Ó lọ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó padà. Ó mú ìgò jáde nínú àpò, ó mú ife tíì bàbá rẹ̀, ó da omi tó kù níbẹ̀ nù, ó sì rọ ọtí náà sí i.

"Kí nìyí?"

"Ẹ mu ún, Bàbá."

Yasokichi gbé e sí imú, ó mi orí bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀. Ó mu ún. Ó yí i sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Ojú rẹ̀ dúró sójú kan. Ó gbé e mì.

"Oje wà nínú ẹ̀," ló ní. "Ta ló kan eléyìí?"

Sawae wolẹ̀. Bàbá náà wò ó títí, ó wo aṣọ tó tẹ́ sílẹ̀, ó sì gbé ife kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Òní ń jẹ́ kí ni?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́ mẹ́rin!" Ohùn bàbá náà ró débi pé ajá aládùúgbò gbó. "Bó bá jẹ́ àgbá Kishida ni ńkọ́? O ò bá ti dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì! O ò bá ti lọ kàn án lábùkù lójú ìyàwó ẹ̀!"

"Àánú yín ló ṣe mí, Bàbá."

"Àánú kẹ̀? Ṣé mo ti kú ni? Òkú ni wọ́n ń ṣàánú! Àti pé kí lẹ wá fẹ́ gbé fún mi lójúbọ?"

Sawae sọ ìmọ̀ràn Mikiyo fún un. Yasokichi kò pariwo mọ́. Ó ká aṣọ náà sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpótí, ó sì kọjú sí ògiri. Kò jẹun. Sawae jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ Ajé tí ó jókòó lójú kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó jí, ilé dákẹ́. Bàbá kò sí níbẹ̀. Ó wá a dé ìsọ̀, ó wá a dé ilé ìwẹ̀ gbogbogbòò, ó sáré dé ilé ọtí pẹ̀lú sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ló bá a, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu géètì, ó di irinṣẹ́ rẹ̀ sínú aṣọ, ó gbé e lé itan.

"O pẹ́," ni bàbá náà wí. "Ní kí wọ́n da ọtí yẹn jáde."

Wọ́n fa ọtí náà sínú táńkì èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń fi se ẹja. Wọ́n yí àgbá náà jáde sí àgbàlá. Yasokichi fi òòlù gbá àwọn òrùka ọparun ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo rẹ̀ fi tú, tí pákó sì ṣubú lu ara wọn. Ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò lọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó nà án sí ọmọ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

"Ìwọ náà gbọ́ ọ."

"Kì í ṣe eléyìí."

Òmíràn. Kì í ṣe ìyẹn náà. Nígbà tí wọ́n dé ìkọkànlá, Sawae kò tíì gbé e dé imú tó fi mọ̀. Ìlà tín-ínrín kan wà nínú rẹ̀, tó pọ́n ju ara igi lọ, kò nípọn ju okùn ìránṣọ.

"Èyí ni, Bàbá."

Yasokichi fi èékánná họ ọ́, ó lá èékánná náà. "Mo gbé e sókè sójú oòrùn o," ló ní. "Mo rí i. Mo rò pé òjìji ìka mi ni."

Ó ti mú pákó tuntun mélòó kan wá láti ìsọ̀. Ó gbé ọ̀kan lé itan, ó mú ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ méjì tí wọ́n fi ń fá igi, ó fà á. Ọ̀bẹ yọ̀. Ó tún fà á, ọ̀bẹ fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀ ló kù kó gé e lórúnkún. Ó dúró, ó ń mí. Lẹ́yìn náà ló na ọ̀bẹ náà síwájú.

"Gbà."

"Bàbá?"

"Ṣé kí n tún un sọ ni?"

Sawae gbà á. Ọdún mẹ́tàlélógójì ti kọjá tó ti kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀bẹ yìí. Àwọn ọkùnrin inú ilé ọtí ti jáde, wọ́n dúró yí wọn ká. Mikiyo náà wà níbẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Fà á sọ́dọ̀ ẹ! Ọ̀dọ̀ ẹ, mo ní! Ṣé irùngbọ̀n lò ń fá ni? Ejìká, má fi ọwọ́ fà á, ejìká! Áà, ọmọ yìí ti pa igi."

Ó ba pákó àkọ́kọ́ jẹ́, ó ba èkejì jẹ́. Òógùn bò ó nínú òtútù yẹn. Ẹ̀kẹta wọlé. Ó lu òrùka ọparun wọ̀ ọ́, bàbá rẹ̀ sì ń fi etí gbọ́ ìró òòlù, ó ń sọ ibi tó kàn. Nígbà tí wọ́n bu omi sí i, ó jò níbi méjì, omi ń ṣàn sí bàtà Kumode. Yasokichi ní kí wọ́n fi sílẹ̀, igi á wú, á pa ẹnu dé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló tó pa á dé, kò sì sí àyè mọ́ fún ọtí láti mu òórùn igi kí ọdún tuntun tó dé.

Àgbá Kishida ni wọ́n ṣí lójúbọ. Yasokichi wọ aṣọ rẹ̀, ó wà láàárín àwọn tó lu ọmọrí, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ bu fún. Ó mu ún, ó ní ó dùn, gbogbo èèyàn gbọ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ sí etí ọmọ rẹ̀: "Ó mọṣẹ́, olè yẹn. Ọ̀dọ̀ mi ló ti jí i kọ́." Òjò yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n sì bá a mu ún lọ.

Ní oṣù kejì ni wọ́n rọ ọtí sínú àgbá tí wọ́n tún ṣe. Ní ọjọ́ kọkànlá, Sawae ní ó yá. Kò korò. Kò sì jọni lójú. Wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù, ó lọ.

Láàárín ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni Sawae ń lọ sí ìsọ̀, bàbá rẹ̀ á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ iná, á máa bú u. Ó kan garawa kékeré mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jò. Ní ọjọ́ kan, ó rẹ Yasokichi, ó ní, "Ẹnu kì í kan àgbá. Ó yẹ kó o rí ọwọ́ tó ń ṣe é, tèmi ò sì ṣe é wò mọ́. Lọ bá Kishida."

"Ẹ̀yin lẹ pè é lólè."

"Olè ló máa mọ ibi tí mo kó o sí."

Kishida rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́. "Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta! Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n wọn!"

"Tèmi náà ò tíì hù," ni Sawae dá a lóhùn.

Kishida nu ojú. Ó ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, bí agogo mẹ́sàn-án bá lù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ni Sawae ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, agogo méje àárọ̀, Kishida ṣì wà nídìí oúnjẹ.